ÀKỌ́RỌ̀ ÒJÒ DÉ, ÀWỌN ỌMỌ WA KÒ MỌ ORÚKỌ RẸ̀

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni inú ti ń bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọlọ́lá tí ń ka ìwé ìròyìn wa yìí. Ní oṣù náà ni Ìjọba Àpapọ̀, láti ẹnu Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, kéde pé òun fagi lé ìlànà èdè tí ìjọba fi ọwọ́ sí ní ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà fi máa kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A gbọ́ ìbínú yín ní ìpàdé ìdílé, a gbọ́ ọ ní ààfin, a gbọ́ ọ lórí rédíò. Àwa náà bínú, ìbínú wa kò sì tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń jẹ wá lọ́kàn, a ó sì bi yín láìfi igbá kan bo ọ̀kan nínú: ní ọdún mẹ́ta tí ìlànà náà fi wà, ọmọ ta ni nínú wa ni ó jàǹfààní rẹ̀? Ta ni nínú wa ni ó dìde lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, tí ó sì wí fún ọ̀gá ibẹ̀ pé, “Ìlànà ti jáde, ẹ máa fi Yorùbá kọ́ ọmọ mi”?

Ẹ má bínú sí wa. Ìlànà tí ìjọba pa ní 2025, òkú ni ó bá. Inú pálọ̀ tiwa ni ó ti kọ́kọ́ kú, a kò sì pariwo nígbà náà nítorí pé ọwọ́ wa ni ó ti kú. Kò sí mínísítà kan tí ó wọ ilé ẹnikẹ́ni ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti pàṣẹ èdè tí ìyá yóò fi pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọmọ kan ní Èkó, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀yọ́, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́. Irú wọn pọ̀ lọ súà. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a ti jí i, nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò mọ ọmọdé. Láti ìgbà tí a jí i títí di ìgbà tí a gbé e sínú ọkọ̀, àṣẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: dìde, wẹ̀, jẹun, wọ bàtà rẹ, yára. Kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ó jí dáadáa. Ní ilé-ẹ̀kọ́, bí Yorùbá bá já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, yóò san owó ìtanràn, tàbí kí a gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ lẹ́sìn ti ń dúró dè é. Bí olùkọ́ lẹ́sìn bá lọ tán, ó di ìdí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ láti Amẹ́ríkà yóò ti máa bá a sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Bàbá rẹ̀ á wọlé ní aago mẹ́sàn-án, fóònù létí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù nínú ilé náà tí ń bá ọmọ yìí sọ Yorùbá: ọmọ ọ̀dọ̀ tí a mú wá láti abúlé. Òun ni ó ń kọrin fún un nígbà tí ó bá ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń pa àlọ́ fún un nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Kí sì ni ìyá ọmọ ń wí fún un? Pé kí ó yé ba ọmọ òun lẹ́nu jẹ́. Họ́wù! Olùkọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní nínú èdè àwọn baba rẹ̀, olùkọ́ tí a kò san owó ẹ̀kọ́ fún, òun ni a ń bá wí bí ẹni tí ó jalè. Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá náà fi ń bá a wí, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́ láàárín ara wa, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí à ń fi gba ẹ̀bùn.

Ní ti pátákó ọrùn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Ní ilẹ̀ Wales, lábẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú igi bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè baba rẹ̀ lọ́rùn ní ilé-ẹ̀kọ́. Òun náà yóò máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò ṣẹ̀ kí ó lè gbé e fún un, ẹni tí igi náà bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá parí ni yóò jẹ ẹgba. Lónìí, àwọn ará Wales ń fi igi náà hàn nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gẹ́gẹ́ bí ohun ìtìjú, wọ́n sì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi èdè wọn kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n jù nù ni àwa ṣà wá sílé. Àwa tí a tún ń san owó gọbọi fún àwọn tí ń gbé e kọ́ ọmọ wa!

Nígbà tí ó bá di Ọdún Àjíǹde, a ó kó àwọn ọmọ náà sínú ọkọ̀, ó di ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, kò sí ìgbà tí ó dára jù ú lọ láti mú ọmọdé wá sí Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárín oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe ni àkọ́rọ̀ òjò máa ń bọ́ ní agbègbè tiwa. Ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ ilẹ̀ títí ó fi sán, eruku ti bo òrùlé, àwọn àgbà ti ń wo ojú ọ̀run láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ṣáá, afẹ́fẹ́ á dìde, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, òórùn ilẹ̀ tútù á gba gbogbo agboolé. Àwọn ọmọdé á bọ́ síta, wọn a máa sáré nínú òjò, bí yìnyín bá sì bá a wá, wọn a máa ṣà á jù sẹ́nu. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, máńgòrò ti ń pọ́n nígbà náà, máńgòrò tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ọjà Èkó; bí ìjì bá jà lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọmọ ti dé ìdí igi pẹ̀lú agbọ̀n. Bí alẹ́ bá lẹ́ lẹ́yìn òjò, èsúnsún á tú jáde láti inú ilẹ̀, á máa yí iná ká, a ó gbé abọ́ omi sí abẹ́ iná kí ó lè máa já sínú rẹ̀, a ó sì yan án pẹ̀lú iyọ̀. Àgbẹ̀ ti gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó ní orúkọ. Òjò a máa ṣú, a máa kù, a máa kán, a máa fọ́n, a máa rọ̀, a sì máa dá. Ọ̀wààrà òjò yàtọ̀ sí òjò wínníwínní. Omi tí ń ṣàn ní ilẹ̀ ni àgbàrá, èyí tí ń dà láti ibi ìparí òrùlé ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Mànàmáná ni ó ń kọ, ààrá ni ó ń sán. Ọmọ tí ó dàgbà nínú agboolé kò kọ́ ọ̀kan nínú wọn láti inú ìwé. Ìyá àgbà ni ó ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ẹ gbé ìkòkò sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀!”, ọmọ sì gbé ìkòkò lọ, ó mọ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Báyìí ni a ṣe ń gba èdè, pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́ àti omi lára.

Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí ó ti Èkó wá yìí ń pe gbogbo rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni, ti òjò. Ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ti kọ́ ọ pé ọdún pín sí ìgbà mẹ́rin: ìgbà òtútù, ìgbà ìrúwé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ìgbà tí ewé ń wọ́. Ó lè ya àwòrán òdòdó tí ń hù lẹ́yìn tí òjò dídì bá ti yọ́ ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó, ó sì lè kọ orúkọ òdòdó náà sílẹ̀ láìṣì í, òdòdó tí òun kò rí rí, tí olùkọ́ rẹ̀ náà kò rí rí. Ìgbà ìrúwé tirẹ̀ gan-an ń bọ́ lé e lórí ní àgbàlá bàbá bàbá rẹ̀, igi ń rú, koríko ń yọ, èsúnsún ń fò lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun náà ní ìgbà ìrúwé. Ó sá wọlé, ó ní kòkòrò ni.

A kò tíì sọ èyí tí ó dùn wá jù. Nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ wọlé, ìyá àgbà jáde sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ohun tí à ń wí. Àwa ni a ní oríkì àbísọ: bí ọmọ bá jẹ́ ọkùnrin a lè pè é ní Àjàní, Àkànní, Àyìnlá tàbí Àlàbí, bí ó bá jẹ́ obìnrin a lè pè é ní Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́ tàbí Àbẹ̀ní. Orúkọ yìí ni à ń fi í tù ú nígbà tí ó bá ń sunkún, òun ni à ń fi í rán an níṣẹ́ tí ó fi ń sáré lọ, òun ni a ó sì fi ṣe ẹnu ọ̀nà wọ inú oríkì orílẹ̀ rẹ̀, kí orí rẹ̀ lè wú, kí ó lè mọ̀ pé òun kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìyá àgbà kì í, ó kì í. Ọmọ náà wo ẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíràn ni à ń pè. Ó na ọwọ́ kan sí ìyá bàbá rẹ̀ kí wọ́n lè bọ ọwọ́. Bàbá rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín! Ó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín ìyá tí ó bí i àti ọmọ tí òun bí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wí fún àwọn ará ilé pé, “Ẹ má dá a lóhùn, kò gbọ́ Yorùbá,” bí ẹni tí ó ń fi aṣọ tuntun hàn.

Ẹ̀rín yẹn ni a bá wá jà nínú ìwé yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ń tì í ni, à bá bá a kẹ́dùn. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ á dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì kò ní kì í mọ́, yóò kàn máa fún un ní bisikíìtì. Obìnrin tí ó tọ́ ọmọ méje, tí ó mọ ìtàn agboolé náà láti orí dé ìdí, ó di odi nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá kú, ohun tí ó mọ̀ á bá a wọlẹ̀, a ó sì pa màlúù, a ó tẹ aṣọ ẹbí, a ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé alárànbarà tí òun fúnra rẹ̀ kò bá má lè kà.

Ó yẹ kí ìtìjú yìí mú àwa ará ìhà ìhín ju ẹnikẹ́ni lọ. Yorùbá tí a ń kọ sílẹ̀, tí a fi ń ka Bíbélì, tí a fi ń ka ìròyìn, èdè Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òṣoògùn, nínú ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a ti mú Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Òun náà ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ó parí ní 1884. T. J. Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ó jókòó ti àwọn baba wa, ó kọ́ èdè wọn, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ní Ọ̀yọ́ ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Andérù Mímọ́ sílẹ̀ ní 1896, ibẹ̀ sì ni D. O. Fágúnwà ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó kọ àwọn ìwé tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Àjèjì wá láti òkè òkun wá fi èdè yìí ṣe iṣẹ́ nínú ilé wa, àwa wá ń lé e jáde kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wa nínú ilé kan náà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ, pé Yorùbá kò lè gba iṣẹ́ fún ọmọ òun. A mọ èsì ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Sítífánù Mímọ́ ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì àti ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò gbẹ́yìn. Wọ́n tayọ nínú iṣẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ti di ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kà nípa rẹ̀, wọ́n sì ti kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Àwa tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa ni a kò gbọ́.

Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo ọmọ yín, Olóyè S. L. Akíntọ́lá. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ òfin ní ìlú Òyìnbó, ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọ̀tá rẹ̀ ni ó bẹ̀rù Yorùbá ẹnu rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn rò nípa ìṣèlú rẹ̀ kò kàn wá níhìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò jẹ Yorùbá rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́ láti jókòó pẹ̀lú Òyìnbó.

Àwọn mìíràn ní àwọn kò ráyè. Wọ́n ń lo wákàtí méjì nínú ọkọ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń bú awakọ̀ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi ń bú u! Àlọ́ àpamọ̀ mélòó ni ó lè wọ inú wákàtí méjì? Ní ti ẹni tí aya rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, ó ní àwíjàre díẹ̀, a kò sì bá a wí lónìí.

Ó wá kan ẹ̀yin ìjòyè wa. Ẹ̀yin ni à ń pè ní olùtọ́jú àṣà, ẹ sì fẹ́ràn orúkọ náà. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìpè ìwúyè yín? Kí ni ó dé tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí etí àwọn ìyálọ́jà Àkẹ̀sán, tí wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá rí i pé àwọn ará iwájú ń pàtẹ́wọ́? Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tí ó wàjà ní oṣù Igbe ọdún 2022, gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Síbẹ̀ nígbà tí ó bá ń tú ìtàn Ọ̀yọ́ ní èdè Ọ̀yọ́, kò sí ọ̀mọ̀wé tí ń yọ fóònù wò. Ọmọ kì í ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, ohun tí ó rí wa ṣe ni ó ń ṣe. Bí ó bá rí i pé bàbá àgbà, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ń bọ́ Yorùbá sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn bí ẹni ń bọ́ bàtà, kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò nípa rẹ̀?

Àwọn kan wà tí ìyà yìí jẹ jù wá lọ, wọn kò sì jókòó máa sunkún. Àwọn Màórì ilẹ̀ New Zealand rí i pé àwọn àgbà nìkan ni ó kù tí ń sọ èdè wọn dáadáa. Ní 1982 wọ́n dá ibi ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀, wọ́n pè é ní ìtẹ́ èdè ní ahọ́n tiwọn, wọ́n kó àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà síbẹ̀ láti máa tọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, èdè Màórì nìkan ni a sì ń sọ nínú rẹ̀. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà káàkiri.  Àwa kò tilẹ̀ nílò láti kọ́ ilé. Agboolé wà, àwọn ìyá àgbà wà, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, wọn kò rí ọmọ tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ wa ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ olúkúlùkù ìjòyè àti ọlọ́lá tí ó ní ọmọ ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Àbújá. Ní Ọdún Àjíǹde tí ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá kó àwọn ọmọ-ọmọ yín wá, ẹ dá bàbá àti ìyá wọn padà, ẹ dá àwọn ọmọ dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ògbufọ̀ kankan kù nínú ilé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní wọn yóò sunkún. Ní ọjọ́ kẹta wọn yóò mọ orúkọ oúnjẹ. Bí òjò bá sì rọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, kí ẹ má pariwo pé òtútù yóò mú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìkòkò sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Kí ìyá àgbà máa fi oríkì nìkan pè wọ́n títí wọn yóò fi máa jẹ́ ẹ.

Ohun kejì kéré. Ìwé ìpè ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí ó bá ti ilé yín jáde láti ìsinsìnyí lọ, kí ó jẹ́ èdè Yorùbá ni a fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti í kọ ọ́, kí ó rán ọmọ rẹ̀ wá sí ọ́dọ̀ akọ̀wé wa; a ó bá a kọ ọ́, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.